Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ máa lọ sípàdé

Ẹ̀yin akàndá ẹ̀dá tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, ẹ kú oríire. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi lo àga onítáyà nínú ọgbà, ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé mo wọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka mi. Ẹgbẹ́ tiwa àwa akàndá náà dáa, ẹ má fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń dí ọ̀rẹ́ mi adití lọ́wọ́. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń pín yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí ẹnìkan nínú wa jókòó síbẹ̀. Èmi àti alága kíláàsì la jọ lọ bá olùkọ́ tó ń to táímùtébù kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́gi, ó sì gbé kíláàsì wa wá sísàlẹ̀.

Ẹ tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan. Ìwọ̀n tí àwọn ayàwòrán ilé mọ̀ fún ráǹpù, ìyẹn ọ̀nà dídagẹ̀rẹ́ tí àga onítáyà ń gbà gòkè, ni 1 sí 12: bí àtẹ̀gùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 60, ráǹpù rẹ̀ á gùn ju mítà 7 lọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún wa kò gùn tó ìdajì ìyẹn. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, èèyàn méjì ló ń fà mí sẹ́yìn kí n má baà takìtì, ọ̀kadà tí wọ́n páàkì sì ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. A fi téèpù káfíńtà wọ̀n ọ́n, a ya fọ́tò, a kọ lẹ́tà. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń gbé mi gun àtẹ̀gùn, ọpẹ́ mi sí wọn ò lópin, síbẹ̀ mo ní kí àwọn náà fọwọ́ sí i. Wọ́n fọ́ ráǹpù yẹn, wọ́n ṣe òmíràn tó yà ní kọ́nà kó tó dókè.

Ẹ fi òfin sínú lẹ́tà yín. Oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ṣíṣe ẹ̀tanú sí akàndá léèwọ̀. Ọdún 5 ló fún àwọn ilé ìjọba láti ṣàtúnṣe kí akàndá lè rí ibẹ̀ wọ̀, gbèdéke náà sì ti pé ní 2024. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011. Bí ẹ bá fi lẹ́tà náà sílẹ̀, ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá sì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, ẹ tètè lọ béèrè fún àwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré.