Dẹ́kìn tí Màámi ń sá èlùbọ́ sí

Lóṣù Keje ọdún tó kọjá, lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ di ìdájí, ègé kọnkéré kan já láti òkè yàrá Màámi, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí wọn. Orí ló kó wọn yọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sókè, mo rí irin inú dẹ́kìn: ó ti dípẹtà, ó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, bó sì ṣe ń wú ló ń ti kọnkéré dànù. N kò lè sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bàbá mi ló da dẹ́kìn náà sórí yàrá ẹ̀yìn, nílé wa ní Àpáta, n'Íbàdàn. Mítà 6 ni gígùn rẹ̀, mítà 5 ni ìbú. Wọ́n ní lọ́kàn láti gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e. Ọlọ́jọ́ dé kí wọ́n tó ṣe é, irin òpó sì ṣì dúró sókè níbẹ̀ dòní. Bó ṣe di ibi tí Màámi ń sá iṣu èlùbọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á to iṣu sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá jókòó sábẹ́ òjìji táńkì, ọ̀pá kékeré lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa lé ẹyẹ.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí a ó rà. Káfíńtà ní kí n kan igi, kí n fi páànù bò ó. Kò burú, òjò ilẹ̀ wa àti páànù onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti mọwọ́ ara wọn tipẹ́. Ṣùgbọ́n ibi sísá èlùbọ́ ti lọ nìyẹn. Ẹlòmíràn ní kí n ra ọ̀dà olómi, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. A ti kùn ún rí. Kí ọdún méjì tó pé, oòrùn ti là á bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ. Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní EPDM ló wù mí jù, torí pé lórí dẹ́kìn kékeré ó ṣeé tẹ́ lódindi láìní ojú ìsopọ̀, ó sì ń nà. Àmọ́ n kò rí ẹnì kan ládùúgbò tó ti tẹ́ ẹ rí, n kò sì ní jẹ́ kí wọ́n fi orí Màámi kọ́ṣẹ́.

Bàbá bíríkìlà tó wò ó kẹ́yìn kò dárúkọ ohunkóhun. Ó ní kí n bu omi garawa kan wá, ó dà á sáàárín. Omi náà dúró síbẹ̀, kò lọ ọ̀tún, kò lọ òsì.

“Ìyá Bọ́lá, ṣé ẹ rí i? Omi yìí ò mọ̀nà. Ẹ̀ báà fi wúrà bò ó, á wá ibi tó máa gbà wọlé.”

Nítorí náà a kọ́kọ́ lànà fómi. Wọ́n gbẹ́ kọnkéré tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìpẹtà, wọ́n dí i padà. Sìmẹ́ńtì tí a tẹ́ sórí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 1.5 nínú mítà kọ̀ọ̀kan, títí dé ẹnu páìpù. Ẹnjiníà ṣírò rẹ̀, ó ní sìmẹ́ńtì yẹn nìkan á wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin, kó tó kan táìlì. Ó ní òun ò ní fọwọ́ sí i àyàfi bí táńkì omi bá kúrò lórí ibẹ̀, torí lítà 1,000 tọ́ọ̀nù kan ni. A gbé táńkì sórí irin nínú àgbàlá.

Ìgbà yẹn ni mo tó ra fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀dà dúdú tí wọ́n ṣe pẹlẹbẹ bí ẹní, tí wọ́n ń fi iná gáàsì lẹ̀, èyí tó nípọn tó mílímítà 4. Mítà 10 ni ròólù kan, mítà kan ni ìbú rẹ̀. Márùn-ún ló gbà. A dúró di ọyẹ́, kí sìmẹ́ńtì lè gbẹ dénú. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá funfun kan mọ́lẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí n kò rí ìrì lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Ọmọkùnrin tó ń jó o kò kánjú. Abẹ́ fẹ́ẹ̀tì á yọ́, á máa dán bí epo, á wá tì í síwájú pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ó ní bí òun ò bá rí okùn ọ̀dà tín-ín-rín kó yọ jáde létí ojú ìsopọ̀, kò tíì mú. Ó gbé e gun ara ògiri ní sẹ̀ńtímítà 15, torí etí ògiri àti ẹnu páìpù ni dẹ́kìn ti ń jò jù. A dí páìpù, a da omi sí i fún ọjọ́ méjì gbáko. Òkè yàrá gbẹ táútáú.

A kì í sá oúnjẹ sórí ọ̀dà, ó sì ń gbóná jù. A tẹ́ ọ̀rá lé e, a tẹ́ sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́, a wá fi táìlì funfun sí i. Màámi ti sá iṣu níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ewé máńgòrò ilé kejì ló kù tí mò ń bá jà. Gbogbo Sátidé ni mo ń gun òkè lọ kó o kúrò lẹ́nu páìpù.