Ẹ bá wa pa ẹ́ńjìnnì yẹn

Bọ́ọ̀sì kan dúró sí ibùdókọ̀ láàárọ̀ yìí, kò gbé èrò, kò já èrò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń kù láìdákẹ́. Dírẹ́bà fẹ̀yìn ti àga, ó ń tẹ fóònù. Ọmọ kékeré kan dúró lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, èéfín ń fẹ́ sí i lójú gbàà. Ó ń wúkọ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Inú bí mi gan-an. Mo lọ kan gíláàsì: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa ọkọ̀ yẹn, èéfín ń da ọmọ láàmú."

Ó ní ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná. Èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí! Owó ni díísù tó ń jó dànù yẹn o. Láti ọdún 2012 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti kéde pé èéfín díísù ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ń fà á símú látàárọ̀ dalẹ́.

Mo ṣàlàyé fún un, ó sì pa á. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún òun rí. Kí ni àwọn tó gbà á síṣẹ́ wá ń kọ́ wọn?