Bí a ṣe ń tọ́ Scotch olówó pọ́ọ́kú wò nínú ooru Àjàṣẹ́

Tí ọtí bá ti jó ọ̀fun, ọ̀pọ̀ nínú wa á ní ó dáa. Sódàbì, ọtí líle tí a ń fi ẹmu ṣe, ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn Scotch àdàlù (wísíkì Skọ́tlándì tí wọ́n pò pọ̀) tí kò wọ́n, a máa gbé igbá orókè fún èyí tó burú jù. Ohun tí mo máa ń wá nínú irú wísíkì bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ó mọ́ lẹ́nu?

Ẹ kọ́kọ́ ka ara ìgò. “Blended Scotch Whisky” gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀ gbangba, láìsí lẹ́tà “e” nínú “whisky”. Tó bá jẹ́ “boisson spiritueuse” (“ọtí líle” lásán lédè Faransé) ni wọ́n kọ, nǹkan mìíràn lẹ fẹ́ fi owó yín rà. Ohun tí òfin Scotch sọ ni pé kó lo ọdún 3, ó kéré tán, nínú àgbá igi óákù ní Skọ́tlándì, kó má sì dín sí 40%. Tí wọ́n bá kọ 12 sára ìgò, èyí tó kéré jù nínú àdàlù náà ló ti pé ọdún 12. Àwọ̀ kò jẹ́rìí nǹkan kan o, òfin gbà wọ́n láyè láti fi karamẹ́ẹ̀lì kùn ún. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ bá ti já, ẹ má tọ́ ọ wò rárá: mẹtanọ́ọ̀lù, tí í ṣe májèlé, lè wà nínú ayédèrú ọtí, ahọ́n kò sì lè dá a mọ̀.

Ooru ni ọ̀tá wa. Nínú yàrá tó gbóná tó 30°C, agbára ọtí ló máa kọ́kọ́ fò wọ imú, òórùn tó kù á sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé ìgò sínú fìríjì fún bíi 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi yìnyín sí i: òtútù máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ife wáìnì kékeré tí ẹnu rẹ̀ há ló dáa. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kó gbẹ fúnra rẹ̀. Aṣọ ìnuwo tó ti gba òórùn ẹja á jẹ́ kí ẹ bú ọtí tí kò ṣẹ̀.

Ẹ jìnnà sí ata fún wákàtí kan ṣáájú. Obì ló tún burú jù ú lọ. Lẹ́yìn obì, omi lásán máa ń dùn, wísíkì tó korò náà á sì gba ìyìn tí kò tọ́ sí i.

Ẹ bu 2 cl, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 10. Ó sàn kí ẹ tọ́ méjì wò pọ̀. Red Label ti Johnnie Walker àti Ballantine’s Finest bá ara wọn mu dáadáa, torí èéfín wà lára ti àkọ́kọ́, ìkejì sì rọ̀. Ẹ má ti imú bọ inú ife. Ẹ gbé e sí etí ife, ẹ la ẹnu díẹ̀, ẹ fa òórùn náà fún ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3. Tí imú bá ti kú, ẹ gbóòórùn awọ apá ara yín, yóò sọjí.

Nínú àdàlù náà, adùn fífúyẹ́ bíi fanílà, wísíkì tí wọ́n fi àlìkámà tàbí àgbàdo ṣe ló sábà mú un wá. Èyí tó wúwo, ti ọkà báálì tí wọ́n rẹ títí tó fi hù ni, tí wọ́n sì sè nínú ìkòkò bàbà. Ẹ má wá èéfín ẹja yíyan níbẹ̀. Ewé àti koríko tó ti rà di ilẹ̀ dúdú nínú àbàtà ni wọ́n gé, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n fi dáná sábẹ́ báálì. Èéfín rẹ̀ máa ń jọ òórùn ilẹ̀ jíjó àti oògùn egbò.

Ẹnu lẹ fi ẹ̀kán àkọ́kọ́ ṣan, ẹ má dá a lẹ́jọ́. Lẹ́yìn ìkejì, ẹ bu omi tó pọ̀ tó ọtí tó kù nínú ife sí i, kó di bíi 20%. Omi inú ìgò ni o, omi ọ̀rá tó ti yá oòrùn máa ń rùn bí ọ̀rá. Ibí ni àṣírí ti ń tú. Òórùn omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́: ọtí náà kò tíì gbó. Ìṣáná tàbí rọ́bà jíjó: imí ọjọ́ ló kù nínú rẹ̀. Páálí tó rin: bóyá ìgò ti wà ní ṣíṣí fún ọ̀pọ̀ oṣù, afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó pò ó. Ẹ máa gbé ìgò dúró, kí ọtí má bàa jẹ kọ́ọ̀kì, ẹ má sì ra èyí tó ti ń yá oòrùn lórí àtẹ, ì báà ṣe ní ọjà Ouando tàbí ní Kétu.

Ẹ gbé e mì, ẹ kà á. Tí adùn tàbí èéfín bá ṣì kù nígbà tí ẹ bá ka 10, ó tọ́ sí owó rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kìkì ooru ló kù lọ́fun, ẹ dán an wò pẹ̀lú omi sódà, ìdá 1 ọtí sí ìdá 3 sódà, pẹ̀lú yìnyín báyìí. Red Label kì í rì síbẹ̀, ata àti èéfín rẹ̀ ṣì máa ń yọrí. Ballantine’s, omi díẹ̀ ni kí ẹ fi bá a lò. Coca á gbé e mì.