Ìka Àárín: Ọjọ́ Mẹ́fà ní Mani, Ilẹ̀ Gíríìsì

Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ Gíríìsì, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ na ìka mẹ́ta sínú òkun. Ìka àárín ni wọ́n ń pè ní Mani. Òkè Taygetos, tó ga tó mítà 2,407, ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Bó ṣe ń lọ sí gúúsù ló ń rẹlẹ̀, títí ó fi wọ inú omi ní ṣóńṣó ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tainaron. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá àwọn ìlú etíkun tó wà lápá òkè. Wọ́n á wẹ̀ nínú òkun, wọ́n á jẹ ẹja, wọ́n á padà sílé, wọn ò tíì rí Mani. Ìdí tí mo fi ń kọ ìtàn yìí nìyẹn.

Ọkọ̀ òfuurufú máa ń lọ tààrà láti London sí Kalamata nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni àbúrò mi ń lò, nítorí náà físà Schengen ni a kọ́kọ́ wá. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ tiyín. Kalamata ni ìlú tí èso ólífì rẹ̀ gbajúmọ̀ káyé. Ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, ilé púpọ̀ wó, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ fi dà bí ilé àná. A ò pẹ́ níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń lọ sí gúúsù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀, ẹni tó bá fẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kó háyà mọ́tò.

Ọ̀nà tó lọ sí Kardamyli kò ju nǹkan bíi kìlómítà 35 lọ, ṣùgbọ́n kọ́nà lórí kọ́nà ni. Òkè wà lápá òsì, ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún. Àbúrò mi tó ń wa mọ́tò kò dá mi lóhùn títí a fi sọ̀kalẹ̀ sí ìlú. Ìlú àtijọ́ ni Kardamyli. Nínú ìtàn ogun Troy, ó wà lára ìlú méje tí ọba Agamemnon fi bẹ akọni jagunjagun Achilles kó lè padà sójú ogun. Ẹ má jókòó sí títì ńlá nìkan. Ẹ rìn lọ sẹ́yìn, níbi tí ilé àwọn ìdílé Mourtzinos wà, ilé gíga olókùúta pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ mú bàtà tó ṣeé wọ̀ sínú omi dání, òkúta wẹ́wẹ́ funfun ló wà létíkun wọn, kì í ṣe iyanrìn. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré lọ́wọ́, Stoupa tó wà níwájú díẹ̀ ni kó lọ: iyanrìn wà níbẹ̀, omi rẹ̀ kò jìn, àlejò sì pọ̀ níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, orúkọ ara pátákó ìtajà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Lápá àríwá Mani, "-eas" ló máa ń parí orúkọ ìdílé. Lápá gúúsù, "-akos" ni. Inú mi dùn sí èyí gan-an. Láàárín wa, bí Ifá tàbí Ògún tàbí Àyàn bá wà níwájú orúkọ ẹnì kan, a mọ irú ilé tó ti jáde. Àwọn ará Mani gbé tiwọn sí ẹ̀yìn orúkọ.

Areopoli ni a fi ṣe ibùdó, mo sì rọ̀ yín kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Tsimova ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi orúkọ Ares, òrìṣà ogun àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́, sọ ọ́. Ní gbàgede ìlú, ère Petrobey Mavromichalis, olórí àwọn ará Mani nígbà náà, dúró pẹ̀lú idà. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé níbẹ̀ ni wọ́n ti dìde sí ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn Tọ́kì, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1821. Òmìnira tàbí ikú ni àwọn Gíríìkì yòókù ń pariwo nígbà yẹn. Àwọn ará Mani kọ "Ìṣẹ́gun tàbí ikú" sára àsíá tiwọn, nítorí wọ́n ní àwọn ò fìgbà kan ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, òmìnira wo ni àwọn ń wá? Nígbà tí Kapodistrias, olórí ìjọba tuntun náà, wá ti Petrobey mọ́lé, àbúrò Petrobey àti ọmọ Petrobey fúnra rẹ̀ pa Kapodistrias lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Nafplio lọ́dún 1831. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, ó máa wúlò fún yín tí ẹ bá dé abúlé Vathia.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òórùn òróró gbígbóná ló fà wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ìyá àgbà kan ń yí ìyẹ̀fun pípò lórí pákó, ó ń nà án gùn bí okùn, ó ń ṣẹ́ ẹ po, ó sì ń jù ú sínú òróró ólífì. Ó ń hó ṣìì, ó ń yọ ìfófòó, ó ń pọ́n. Lalangia ni wọ́n ń pè é. Ó jọ ṣinṣin wa, àmọ́ kò dùn bíi ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìyá náà fi bébà ká méjì, ó nà án sí wa. Àbúrò mi tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ìyá náà wò ó lọ wò ó bọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹyọ kan lé e. "Fae, fae," ó ń wí, ìyẹn ni pé jẹun, jẹun.

Ní Limeni, etíkun tó wà nísàlẹ̀ Areopoli, ìjàpá òkun ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́bàá tábìlì àwọn tó ń jẹun. Ní ihò Diros, ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi gbé wa gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń tù wá kàn ń ké pé ká tẹrí ba, òkúta ń kán omi sí wa lọ́rùn. Ọjọ́ kẹrin ni a sáré dé Gytheio lápá ìlà-oòrùn. Ìlú èbúté tó rẹwà ni, ẹ ó sì rí ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, Dimitrios, tó ti rì mọ́ etíkun Valtaki láti ọdún 1981, tó ti dípẹtà tán. Wákàtí kan ti tó fún un.

Vathia ni ọkàn mi wà. Láti òkèèrè, ẹ ó rò pé igbó òkúta ló hù sórí òkè. Ilé ni gbogbo rẹ̀, ilé gíga onígun mẹ́rin, fèrèsé wọn kò ju kí ìbọn yọ jáde lọ. Kì í ṣe ọ̀tá òkèèrè nìkan ni wọ́n ṣe kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò ni. Ìdílé kan á ga ju ìdílé kejì lọ kó lè ju òkúta tàbí kó yìnbọn lé òrùlé rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń san ẹ̀jẹ̀, ìjà mìíràn sì ń kọjá láti ọ̀dọ̀ bàbá sọ́dọ̀ ọmọ. Ìbọn ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí. Àmọ́ tí ìgbà ìkórè bá dé, wọ́n á gbà láti dá ìjà dúró, wọ́n á lọ ká ólífì wọn, wọ́n á tún padà sídìí ìbọn.

Àwọn obìnrin ló ń sin àwọn òkú náà pẹ̀lú orin. Miroloyia ni orúkọ orin arò wọn: wọ́n á jókòó yí òkú ká, wọ́n á sọ ìtàn ayé rẹ̀, wọ́n á dárúkọ ẹni tó pa á, wọ́n á béèrè ẹni tó máa gbẹ̀san. Ọ̀fọ̀ àti ẹjọ́ pọ̀ nínú orin kan náà. Nísinsìnyí, ilé tó ṣófo ló pọ̀ jù ní Vathia. Mo ki orí bọ ẹnu ilẹ̀kùn kan tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́: igi ọ̀pọ̀tọ́ ti hù láàárín yàrá, ààrò ṣì dúdú fún èéfín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun àjà ilé wọ̀nyẹn, pákó wọn ti jẹrà.

A gba Porto Kagio kọjá, èbúté àparò, níbi tí wọ́n ti ń mú ẹyẹ náà láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí i, tí wọ́n sì ń kó o lọ tà. Ibi tí títì ti tán, ẹsẹ̀ ni a fi rìn. Ẹ gbé omi dání, ìboji kò sí. Ìrìn bíi kìlómítà méjì ni títí dé ilé iná atọ́nà ọkọ̀ òkun tó wà ní ṣóńṣó Tainaron, ibi tí ilẹ̀ Gíríìsì parí sí lápá gúúsù, tí a bá yọ àwọn erékùṣù kúrò. Lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ilé àwọn ará Róòmù kan ṣì wà ní gbangba, òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ pupa àti funfun ni wọ́n tò sí i yípo bí ìràwọ̀.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀ ni ẹ ó rí àwókù ojúbọ Poseidon, òrìṣà òkun wọn, àti ihò kan nítòsí omi. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ gbà pé ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ọ̀run, pé ibẹ̀ ni Herakles, akọni inú ìtàn wọn, gbà gbé ajá olórí mẹ́ta tó ń ṣọ́ ọ̀run jáde. Ihò náà kò tóbi. Àbúrò mi dúró síwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì rántí oríkì bàbá?"

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí bàbá wa ti kú. Ó bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti gbàgbé, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. A ki Àkànní délẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi omi tó kù nínú ìgò wa ta ilẹ̀, a sì gba ọ̀nà ilé iná náà lọ.