Ohun mímu fún pátì ilé: ẹ jẹ́ kí jọ́ọ̀gù dá wà, kí ìgò ọtí náà dá wà

Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá dé pátì nílé èèyàn ní Sùúrùlérè tàbí Yábàá, tí wọ́n ti to ìgò oríṣiríṣi sórí tábìlì, rum, vodka, jíìnì, wísíkì, tẹ́nì kankan ò dẹ̀ mọ èwo ló yẹ kóun pò mọ́ èwo, onílé á wá máa sáré láti kíṣìnì sí pálọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò jókòó, kò jó, kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ gidi. Èmi ni wọ́n máa ń pè nínú ẹbí wa tó bá ti kan ká bójú tó ohun mímu, ìsọmọlórúkọ ni o, ọjọ́ ìbí ni o, ẹ̀kọ́ tí mo dì mú jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí: ẹ pò nǹkan dídùn kan tí ò lọ́tí nínú rárá, kó kún jọ́ọ̀gù ńlá méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá gbé ìgò ọtí oríṣi kan péré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ife tọ́ọ̀tì, ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọtí. Ẹni tó bá fẹ́ ọtí á wọn tiẹ̀ sí i. Ẹni tí ò fẹ́ á mu ún bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣáà wo àwọn tó ń wá sílé wa l'Ékòó. Àlájà wà ńbẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ díkínì wà ńbẹ̀, ẹni tó ń lo oògùn wà ńbẹ̀, ẹni tó máa wakọ̀ padà sí Ajah lóru wà ńbẹ̀, àwọn ọmọdé náà ń sáré kiri. Tẹ́ ẹ bá ti da ọtí sínú gbogbo jọ́ọ̀gù látìbẹ̀rẹ̀, omi nìkan lẹ fi sílẹ̀ fún ìdajì àwọn àlejò yín, ìyẹn ò dáa, kò yẹ kéèyàn wá báni ṣàjọyọ̀ kó wá máa wo ẹnu ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ jọ́ọ̀gù kan náà ni gbogbo wọn ń bù nínú ẹ̀, àwọ̀ kan náà ló wà nínú ife gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó máa bi ẹnì kejì pé "kí ló dé tó ò mutí?"

Sóbò ni mo fẹ́ràn jù fún jọ́ọ̀gù yẹn. Isápá pupa gbígbẹ, kọ́ọ̀pù 2 sí omi bíi lítà 3. Ẹ yára ṣan eruku ara ẹ̀ kúrò, ẹ má rẹ ẹ́ sómi kẹ́ ẹ wá da omi yẹn nù, torí àwọ̀ ẹ̀ àti adùn ẹ̀ lẹ̀ ń dà nù yẹn. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú ata ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti gún, kànáfùrù díẹ̀ (horo 6 ti tó, ó lágbára o) àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tẹ́ ẹ ti fọ̀ dáadáa, èèpo yẹn ló ń gbé òórùn dídùn wá, ẹ má jù ú nù. Kó hó fún bí ìṣẹ́jú 15, ẹ paná, ẹ dé e, ó dìgbà tó bá tutù kẹ́ ẹ tó sẹ́ ẹ. Inú ọ̀pẹ̀ òyìnbó gangan lẹ máa lọ̀ tẹ́ ẹ máa sẹ́ omi ẹ̀ sí i, ìyẹn ti dùn tó, ṣúgà tẹ́ ẹ máa fi sí i ò ní pọ̀ mọ́. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pátì ni kẹ́ ẹ ṣe é.

Ìdí tó fi máa ń bá ọtí mu ni pé ó ti kan, ó ti dùn, ó dẹ̀ ń ta lọ́fun díẹ̀. Ohun mímu tí wọ́n ń tà lówó gọbọi láwọn báà Victoria Island, tẹ́ ẹ bá wo inú ẹ̀ dáadáa, kíkan, dídùn àti ọtí náà ni, pẹ̀lú yìnyín. Isápá ti ṣiṣẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti ṣiṣẹ́ ṣúgà, jíìnì tàbí vodka lásán ló kù. Wísíkì ò bá a mu lẹ́nu tèmi. Àwọn dókítà máa ń ní káwọn aláboyún yẹra fún sóbò o, ẹ fún tiwọn ní omi ọsàn.

Ẹ wá jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀tì yìí. Tọ́ọ̀tì kan tí mò ń sọ, 5cl ni, ìgò 75cl á fún yín ní 15, torí ẹ̀ téèyàn 15 bá máa mutí, tí kálukú wọn dẹ̀ mu ife méjì, ìgò méjì ti tó. Tí jíìnì yẹn bá jẹ́ 40%, tọ́ọ̀tì kan ní 2cl ọtí gidi nínú. Ìgò bíà ńlá 60cl tó jẹ́ 5% ní 3cl. Ẹ wá wo ẹni tó ń fi ojú wọ̀n ọ́n, tó kàn ń dà á gọ̀ọ̀gọ̀ sínú ife, 10cl ò ní pẹ́ débẹ̀, ìyẹn 4cl, ó ti ju ìgò bíà kan lọ, nínú ife kékeré tó dùn bíi jùúsì, tó máa gbé mu tán kí orin kan tó parí. Adùn yẹn ni ò jẹ́ kó mọ ohun tó ń mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ife tọ́ọ̀tì, kò wọ́n, kẹ́ ẹ dẹ̀ fi ọmọ ìyá yín kan tó gbọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò yẹn.

Tí ẹ ò bá fẹ́ sóbò, Chapman náà wà. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Ikoyi Club ni wọ́n ti kọ́kọ́ pò ó. Fanta àti Sprite bára dọ́gba, Ribena díẹ̀ kó lè pọ́n, kùkúmbà àti ọsàn tẹ́ ẹ gé pẹlẹbẹ. Ẹ má pò ó sílẹ̀ o, ìgbà táwọn èèyàn bá ti jókòó ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gáàsì ẹ̀ á ti lọ. Ohun kan táwọn èèyàn ò sọ fúnra wọn ni ti Angostura, omi kíkorò inú ìgò kékeré tí wọ́n máa ń kán sí i, wọ́n rò pé nǹkan tó ń mú ohun mímu ta sánsán lásán ni. Dókítà ará Jámánì kan ló ṣe é ní Venezuela lọ́dún 1824 fún inú rírun, ọtí inú ẹ̀ dẹ̀ lé ní 44%. Lóòótọ́ ẹ̀kán díẹ̀ ni, àmọ́ Mùsùlùmí tí ò fẹnu kan ọtí lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀, torí náà ẹ má kán an sínú jọ́ọ̀gù rárá.

Yìnyín ńkọ́? Áìsì bulọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tà lójú títì, ìgò lẹ máa fi mú tutù nínú kúlà, kò gbọdọ̀ wọ inú ife torí ẹ ò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é. Ti inú ife, ẹ ti fi pure water sínú fírísà láti bí ọjọ́ méjì, torí iná, kẹ́ ẹ fọ nylon ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ọmọ odó lù ú wẹ́wẹ́.

Èso, ẹ lọ sí Kétu. Ìgò ọtí, Òkè-Àrìn níbẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ yẹ ìdérí ẹ̀ wò àti nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má torí pé ó pọ́ọ̀kú ra èyí tí wọ́n ti ṣí rí. Ògógóró tí ò lórísun, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Lọ́dún 2015, ọ̀pọ̀ èèyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, methanol, oríṣi ọtí olóró kan, tó wà nínú ọtí ìbílẹ̀ ló pa wọ́n, ojú ò lè rí i, ẹnu ò lè tọ́ ọ wò. Kẹ́ ẹ má dẹ̀ fi energy drink pò ọtí fáwọn ọmọ ọ̀dọ́, kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ti yó.

Kóúnjẹ ṣáájú ìgò. Tó bá dẹ̀ ku bíi wákàtí kan tí wọ́n máa túká, ẹ gbé ìgò ọtí kúrò lórí tábìlì, kí jọ́ọ̀gù àti omi ṣẹ́kù, torí afárá Third Mainland lọ́pọ̀ nínú wọn máa wakọ̀ gbà lọ. Sóbò tó bá ṣẹ́kù, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò fún Àlájà, kó lè gbé e lọ fáwọn tó wà nílé, kẹ́ ẹ sọ fún un pé bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, lọ́jọ́ kejì ni kí wọ́n ti mu ún tán.