Sẹ́ẹ̀lì mọ ibi tó rọ̀ yàtọ̀ sí ibi tó le

Ẹ̀kọ ni mo fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún àǹtí mi tó ń tà á ní Ìpàta. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá tú ewé rẹ̀, kò ní ṣàn, torí sítáàṣì inú rẹ̀ ti di omi náà mú. Hydrogel náà nìyẹn. Èyí tí mò ń ṣe ní lábù níbí ní Ìlọrin, PEG (polyethylene glycol) ni mo fi ń pò ó, kẹ́míkà tí ọmọ aráyé ṣe fúnra rẹ̀ ni. Inú rẹ̀ la ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì.

Abọ́ oníke ni wọ́n sábà máa ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì sí, oníke yẹn sì le ju ẹran ara lọ fíìfíì. Lọ́dún 2006, Adam Engler, Dennis Discher àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà mú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn egungun tí kò tíì pinnu ohun tí yóò dà, wọ́n gbé e lé orí jẹ́ẹ̀lì tó le ju ara wọn lọ. Lórí èyí tó rọ̀ bí ọpọlọ, tí líle rẹ̀ kò ju kilopascal 1 lọ (kilopascal la fi ń wọn líle), ó yọ ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bíi sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Lórí èyí tó tó nǹkan bíi 10, ọ̀nà iṣan ló gbà. Lórí 25 sí 40, ọ̀nà egungun. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn jẹ o! Iṣẹ́ yẹn ló fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, títí dòní ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò lo Matrigel, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà fún títọ́ sẹ́ẹ̀lì. Inú jẹjẹrẹ eku ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ìgò kan kì í sì í bá èkejì dọ́gba. Inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà, tó bá ti móoru, ó ti dì nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí iná ṣe máa ń lọ ní Tanke níbí, ẹ ti mọ ìyókù.

PEG nìkan kò tó, torí sẹ́ẹ̀lì kì í lẹ̀ mọ́ ọn. A ní láti so RGD mọ́ ọn, amínò ásíìdì (ẹyọ tó ń para pọ̀ di purotéènì) mẹ́ta péré tí Pierschbacher àti Ruoslahti fi hàn lọ́dún 1984 pé òun ni sẹ́ẹ̀lì ń dì mú. Sẹ́ẹ̀lì sì gbọ́dọ̀ rọ́nà rìn: lọ́dún 2003, Lutolf, Hubbell àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ìdè tí ẹ́ńsáìmù sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ lè gé so PEG pọ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Sẹ́ẹ̀lì á máa la ọ̀nà tirẹ̀ bó ṣe ń dàgbà.

Apá méjì tó jẹ́ omi ni mo máa ń pò pọ̀ kó tó di jẹ́ẹ̀lì. Tí mo bá ti da apá kejì mọ́ èkíní, mo máa ń fi pìpẹ́ẹ̀tì rò ó jẹ́jẹ́ kó má hó, torí afẹ́fẹ́ tó bá há sínú rẹ̀ kò ní jáde mọ́. Màá wá dorí ìgò kodò. Tó bá ṣì ń yọ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, màá tún dúró. Ìgbà tí kò bá mira mọ́, ó ti dì.

Èyí tí mo fẹ́ dán wò báyìí ni kí RGD inú rẹ̀ dín kù, kí líle rẹ̀ má yí padà, kí n lè mọ èwo nínú méjèèjì ni sẹ́ẹ̀lì awọ ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú rẹ̀ ní Malete tàbí Ọ̀fà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi.