Etí la fi ń ka ẹyẹ àbàtà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé fàájì ni mo ń fi kayak, ọkọ̀ kékeré tá a ń fi àjẹ̀ wà, ṣe o, ẹyẹ àbàtà là ń fi kà. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo jí, torí ó kéré tán a gbọ́dọ̀ ti wà lórí omi ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí oòrùn tó yọ, àsìkò yẹn lẹnu àwọn ẹyẹ àbàtà máa ń dùn jù, tóòrùn bá ti ga wọ́n á panu mọ́. Tí atẹ́gùn bá sì le, ẹ yáa padà sílé, ariwo koríko nìkan lẹ máa gbọ́.

Bá a ṣe ń ṣe é rèé. Tá a bá dé ojú ibì kan, a ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 gbáko, ká kàn máa gbọ́, lẹ́yìn náà la ó tan sípíkà, ohùn irú ẹyẹ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ká dákẹ́ fún 30 mí ì, ká tó bọ́ sórí ẹyẹ tó kàn. Èyí tó bá rò pé ẹnì kan ti wá gba ilé mọ́ òun lọ́wọ́ á fìbínú dáhùn, àwa á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di mítà 400 síwájú, ká má baà ka ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣẹ́jú 5 yẹn gan-an ni wàhálà mi. Omi ń kán lára àjẹ̀ mi, tó, tó, tó, àfi bíi pé ẹnì kan ń lu gángan. Ẹ̀fọn wọ imú mi, mo sín, ẹnì kejì mi wò mí bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.

Ẹyẹ àbàtà kan tí wọ́n ń pè ní rail, ara ẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí ìgbà tí pákó méjì fún un láàárín, ló ṣe ń gba inú eèsún kọjá tí koríko ò ní mì. Kò sẹ́ni tó ń retí àtirí ìyẹn.

Ojú ibì kẹfà la wà tí omi rọra gbé ọkọ̀ mi wọnú eèsún. Kí n gbójú sókè báyìí, bittern kan, ẹyẹ àbàtà tó jọ lékeléke, ló dúró níwájú mi, àárín wa ò ju gígùn àjẹ̀ kan lọ, ó na àgógó ẹnu sókè, ìlà àyà ẹ̀ bá koríko mu rẹ́gí, atẹ́gùn fẹ́, eèsún mì, òun náà mì! Àgógó wà lókè o, àmọ́ ojú ẹ̀ ń ti abẹ́ ẹ̀ wò mí. A sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohùn ìran ẹ̀ pè é tán ni, kò fèsì, òdo ni mo ti fẹ́ kọ.

Mo na ọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, pẹ́ńsù bọ́ sómi. Bàbá ò tiẹ̀ ṣẹ́jú.